ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ "SUCCINATE" ÀTI ÌDÍ TÍ Ó FI YẸ KÍ A MỌ̀ Ọ́N

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Ìkọ̀lé-Èkìtì)

    

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà sì ni succinate. A kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sára páálí oògùn, kí ẹ lè dá a mọ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti rí i. Bí a bá fẹ́ fi ahọ́n Yorùbá pè é, sọ́kísínéètì ni à bá máa wí.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú ìwé kẹ́mísírì, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti omi ẹ̀rọ ṣì wà nílẹ̀. Èsì wa ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa kí a tó mọ̀. Ó wà nínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ tí ibà dá dùbúlẹ̀. Ó wà nínú oògùn tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn láti Amẹ́ríkà. Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ èyí lórúkọ, kí a tó wá wo iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàárín wa.

I. IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Gbogbo wa ni a mọ oje igi. Bí àgbẹ̀ bá fi àdá ṣá igi lára, igi a sun oje, oje náà a sì le bí ó bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Òjíá olóòórùn dídùn tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, oje igi ni. Ní ìhà àríwá Yúróòpù, ní àgbègbè òkun tí à ń pè ní Baltic, oje àwọn igi kan ṣàn sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó sì di ohun líle bí òkúta. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti oyin. Kòkòrò tí oje náà mú láyé ìgbà náà ṣì wà nínú òmíràn títí di òní, tòun ti ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní amber nìyí; àwa yóò máa pè é ní ámbà. Bí àwọn Ọba wa ti ń fi iyùn ṣe ọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi ámbà ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Orúkọ méjì ni àwọn ará ìgbà láéláé fún ámbà, orúkọ méjèèjì ni ó sì bí ọmọ. Àwọn Gíríìkì pè é ní elektron. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí a bá fi aṣọ ra á dáadáa, a máa fa ìyàngbò àti ìyẹ́ adìẹ mọ́ra. Ní ọdún 1600, William Gilbert, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú orúkọ yìí fún gbogbo ohun tí ó bá ń fa nǹkan mọ́ra lọ́nà bẹ́ẹ̀, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe iná mànàmáná ti jáde.

Àwọn ará Róòmù ní tiwọn pe ámbà ní succinum. Sucus ni wọ́n ń pe omi ara igi, wọ́n sì ti mọ̀ pé igi ni ó sun ámbà. Georgius Agricola, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1546 pé bí a bá fi iná sun ámbà nínú ohun èlò tí a dé, ohun funfun kan a jáde lára rẹ̀, a sì dì bí iyọ̀. Iyọ̀ ámbà ni wọ́n pe nǹkan yìí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ìmọ̀ kẹ́mísírì gbòòrò sí i, wọ́n rí i pé ásíìdì ni, èyí ni pé ó wà nínú ẹbí ohun tí ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Wọ́n sọ ọ́ ní succinic acid. Bí ásíìdì yìí bá so pọ̀ mọ́ ohun mìíràn, succinate ni à ń pe ìsopọ̀ náà.

Báyìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti máa ń sọ nǹkan lórúkọ. Ásíìdì tí John Ray rí lára èèrà ní 1671, orúkọ èèrà ni ó ń jẹ́ lédè Látìn. Èyí tí ó wà nínú wàrà kíkan, orúkọ wàrà ni ó ń jẹ́. Èyí tí ó sì yẹ kí inú àwa ará Èkìtì dùn sí jù lọ ni èyí tí Frémy, ará Faransé, rí nínú epo pupa ní 1840, tí ó fi igi ọ̀pẹ sọ lórúkọ: palmitic acid. Bí a bá so èyí náà pọ̀ mọ́ ohun mìíràn, palmitate ni yóò máa jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a níwájú.

II. BÍ Ó TI RÍ ÀTI BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Ásíìdì ámbà kò tóbi. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, háídrójìn mẹ́fà àti ọ́ksíjìn mẹ́rin ni ó para pọ̀ di í. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi yé ara wa ni kí a wò ó bí ènìyàn kúkúrú tí ó ní ọwọ́ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó lè fi ọwọ́ kan di nǹkan mú, kí ó sì na ọwọ́ kejì sí nǹkan mìíràn. Ọwọ́ méjì yìí ni gbogbo ìwúlò rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe oògùn.

Kò sì ṣàjèjì sí ara wa. Ní 1937, Hans Krebs, tí ó sá kúrò ní Jámánì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn bí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára, ní ìpele dé ìpele, bí ọlọ tí ń yí po. Iṣẹ́ yìí ni a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1953. Ọ̀kan nínú àwọn ìpele náà ni succinate. Iyán tí a jẹ lánàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá nínú ara olúkúlùkù wa kí ó tó di agbára tí a fi wá sí ìpàdé yìí. Nítorí náà, bí succinate bá bá oògùn wọlé, ara mọ ohun tí yóò fi í ṣe.

A kì í sábà sun ámbà mọ́ láti rí i. Láti ara epo rọ̀bì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é, àwọn mìíràn sì ń lo kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ṣúgà di í. Bí ó ti rí fún ọmọ Ìkọ̀lé tí a bí sí London ni ó rí fún òun náà: ibi tí a bí i sí ti yí padà, orúkọ ìdílé rẹ̀ kò yí padà.

III. NÍNÚ ABẸ́RẸ́ IBÀ

Oògùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ artesunate. Ẹ wo ìdajì ìkẹyìn orúkọ náà: succinate tí wọ́n gé kúrú ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Iwájú orúkọ náà wá láti ara artemisinin, oògùn tí Tu Youyou àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà yọ láti ara ewé kan ní 1972, tí a sì torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Artemisinin mú ibà gan-an, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ohun tí kò bá sì yòrò nínú omi ṣòro láti fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn.

Ibí yìí ni ọwọ́ méjì ásíìdì ámbà ti wúlò. Wọ́n tún oògùn náà ṣe díẹ̀, wọ́n sì so ásíìdì ámbà mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kan di oògùn mú ṣinṣin, ó sì na ọwọ́ kejì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí páálí artesunate tí ó wọ́pọ̀ fi ní ìgò ìyẹ̀fun kan àti ìgò kékeré kan tí omi sódà wà nínú rẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá da omi sódà sórí ìyẹ̀fun náà, sódà a di ọwọ́ kejì yẹn mú, ìyẹ̀fun a sì yòrò, omi rẹ̀ a mọ́ kedere. Láìpẹ́ lẹ́yìn tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara a já ìrù ámbà náà kúrò, oògùn gan-an a sì dojú kọ ibà. Nítorí náà, bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tí ń po ìgò méjì pọ̀, ẹ má rò pé ó ń lú oògùn yín. Àmọ́, lílò ni kí ó lò ó lójú ẹsẹ̀. Èyí tí a bá pò sílẹ̀ di ọ̀la kò wúlò mọ́.

Ǹjẹ́ gbogbo làálàá yìí ní èrè? Ní 2010, a gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín ọmọdé 5,425 tí ibà líle ń bá jà ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà. Ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin, tí kò jìnnà sí wa, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n fún ní kuìnín, nǹkan bí mọ́kànlá ni ó kú. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fún ní artesunate, iye náà jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun kékeré lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó yè kò ní pè é ní kékeré.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ méjì lórí èyí. Èkíní ni pé ibà líle ni abẹ́rẹ́ yìí wà fún: ọmọ tí gìrì mú, tí kò lè mu ọmú tàbí omi, tí ń bì gbogbo ohun tí ó bá jẹ, tàbí tí kò mọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró nílé. Ilé ìwòsàn ni ibi tirẹ̀, a sì dúpẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó nítòsí wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kàn gbóná díẹ̀, kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ibà bá ni, oògùn alápapọ̀ oníhóró tí à ń lò fún ọjọ́ mẹ́ta, irú èyí tí ìjọba wa ti yàn láti 2005, ni ó tọ́ sí i.

Èkejì ni pé abẹ́rẹ́ nìkan kò parí iṣẹ́. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń gún un: lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn wákàtí méjìlá, àti nígbà tí ọjọ́ kan bá pé. Nígbà tí aláìsàn bá sì ti lè gbé oògùn mì, ó gbọ́dọ̀ lo oníhóró ọlọ́jọ́ mẹ́ta náà tán pátápátá. Kíá ni artesunate ń ṣiṣẹ́, kíá náà ni ó ń kúrò lára. Ọ̀pọ̀ òbí a máa rí i pé ọmọ ti dìde, ó ti ń béèrè ẹ̀kọ, wọ́n a sì dí ìyókù oògùn sínú àpótí. Ibà tí a kò pa tán dà bí ejò tí a ṣá lọ́gbẹ́ tí a jẹ́ kí ó wọ ihò lọ.

IV. OJE IGI ÀTI EPO PUPA PÀDÉ

A ti ṣèlérí pé a ó padà sọ́dọ̀ palmitate. Àwọn àgbà láàárín wa yóò rántí chloramphenicol, tí a lò gan-an nígbà kan rí fún ibà jẹ̀funjẹ̀fun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í lò ó bí ti àtijọ́ mọ́ nítorí ewu tí ó lè ṣe fún mùdùnmúdùn eegun tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn náà korò bí ewúro, ọmọdé a sì máa tu ú dà. Kí ni àwọn onímọ̀ ṣe? Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ásíìdì ọ̀pẹ, ó di chloramphenicol palmitate. Nítorí pé epo àti omi kì í pò, kò yòrò ní ẹnu ọmọ, ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ó korò. Inú ìfun ni oògùn ti jáde. Ṣùgbọ́n fún abẹ́rẹ́, wọ́n so oògùn kan náà pọ̀ mọ́ ásíìdì ámbà, ó di chloramphenicol sodium succinate, tí ó ń yòrò nínú omi. Oògùn kan ni, ìrù méjì: ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún abẹ́rẹ́. Bákan náà ni hydrocortisone sodium succinate, abẹ́rẹ́ tí dókítà ń lò nígbà tí ikọ́ fée bá ká ènìyàn mọ́. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí i lára abẹ́rẹ́ báyìí, ọ̀nà omi ni ó ń wá fún oògùn.

V. NÍNÚ OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

Apá yìí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní òkè òkun fetí sí jù lọ. Oògùn kan wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn tí ń jẹ́ metoprolol. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń jẹ́ metoprolol tartrate, tí ó gba orúkọ láti ara èèpá tí ń dì mọ́ inú àgbá wáìnì. Èkejì ń jẹ́ metoprolol succinate. Orúkọ iwájú jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n lílò wọn yàtọ̀. Tartrate a máa tètè jáde nínú ara, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni a sábà máa ń lò ó. Ní ti succinate, àwọn tí ó ṣe é pín in sínú wóró kéékèèké tí wọ́n fi awọ bò, kí ó lè máa jáde ní díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni a ń lò ó.

Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan fi succinate ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Oògùn tán. Wọ́n rán ọmọ ilé lọ sí kẹ́mísì ní Adó, ó sọ pé metoprolol ni òun ń wá, wọ́n sì fún un ní tartrate. Màmá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, agbára oògùn ti lọ, ẹ̀jẹ̀ a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé gbà pé màmá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Tàbí kí ó jẹ́ pé bàbá kò lè gbé oògùn succinate mì, tí wọ́n sì fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Awọ tí ó bo wóró náà ti bàjẹ́. Oògùn tí ó yẹ kí ó fi ọjọ́ kan gbáko jáde a tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn a máa lù jẹ́jẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, òòyì a kọ́ àgbàlagbà, ó sì lè ṣubú. Kò sí ẹni tí ó hùwà ìkà nínú ìtàn méjèèjì. Orúkọ ìkẹyìn nìkan ni wọn kò kà.

Nítorí náà, ẹ má lọ oògùn yìí, ẹ má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìjẹ́ pé dókítà tàbí apòògùn tí ó kọ́ṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹ má sì dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá, nítorí ewu ń bẹ níbẹ̀ fún ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e sọnù nítorí orúkọ ìkẹyìn, kí ẹ máa pè é ní ayédèrú. Kò burú. Ìdílé rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

VI. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Nǹkan mẹ́ta ni a fi ń bẹ Ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan tí a ó kọ orúkọ oògùn àwọn àgbà ilé sí ní kíkún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ìgbà tí a ń lò ó. Ìwé yìí ni kí a mú dání bí a bá ń lọ sí kẹ́mísì tàbí ilé ìwòsàn. Bí a bá ní fóònù, kí a ya àwòrán páálí náà sínú rẹ̀.

Èkejì, kí ẹ̀yin tí ń fi oògùn ránṣẹ́ láti òkè òkun má ṣe fi oògùn nìkan ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tí màmá yóò gbọ́: ìgbà tí yóò lò ó, bí yóò ti lò ó, àti ohun tí kò gbọdọ̀ fi í ṣe. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà tí ń tọ́jú wọn nílé mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àwa olùkọ́ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó máa sọ ìtàn orúkọ fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ kẹ́mísírì. Ọmọ tí ó kọ́ orúkọ sórí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ a máa bẹ̀rù ìwé. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé oje igi ni ó wà nínú succinate, pé epo pupa ìyá rẹ̀ sì ni ó wà nínú palmitate, ẹ̀rù kò ní bà á mọ́. Òun náà ni yóò bá màmá rẹ̀ àgbà ka páálí oògùn lálẹ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn nílé.

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ oògùn náà ni ìjánu oògùn. Ẹ jẹ́ kí a máa kà á tán.